Owó Abẹ́rẹ́ Kọ́ Ni Owó Èsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìyẹ ń gbé mì. Òwe yìí yẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn tí ń gba òpópónà Uwasota kọjá ní ìlú Benin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Ugbowo wà, níbi tí Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Benin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UBTH, wà. Ọdún 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn aláìsàn ń ti Auchi, Warri àti Asaba wá sí àgbègbè yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Yorùbá ń ti Ìfọ́n, Ọ̀wọ̀ àti àwọn ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wá, nítorí pé ọ̀nà Benin súnmọ́ wọn ju ti Ìbàdàn tàbí Èkó lọ.

Kí a fi obìnrin kan láti Ìfọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kan ní ọmú. Ó yá owó ọkọ̀, ó ti ilé ìtajà rẹ̀ pa, ó sì gba Benin lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní a ó gba díẹ̀ lára kókó náà láti mọ irú ohun tí ó jẹ́. Àyẹ̀wò yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní báyọ́psì. Nígbà tí obìnrin náà dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, wọ́n sọ fún un pé ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ṣe é: ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, èyí tí owó rẹ̀ kéré, àti ti abẹ́rẹ́ ńlá, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu rẹ̀: “Mà, èwo ni kò wọ́n nínú méjèèjì?”

Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹni tí ó ń sanwó láti inú àpò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè iye. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí àwọn aláìsàn sábà máa ń gbà kò pé. Wọ́n ń sọ iye owó abẹ́rẹ́ fún wọn, wọn kì í sọ iye owó tí yóò ná wọn kí èsì tí ó ṣeé fi ṣètọ́jú tó wà lọ́wọ́ wọn. Owó méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kò nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ibà lọ. Dókítà yóò tì í bọ inú kókó, yóò fà á bí ẹni ń fa omi, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ yóò sì bá a jáde. Wọn yóò tẹ́ wọn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọn yóò fi aró pa wọ́n láró, onímọ̀ àyẹ̀wò yóò sì fi maikirosíkóòpù wò wọ́n. Èsì lè jáde ní ọjọ́ náà gan-an tàbí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńlá ní tirẹ̀ máa ń gé ẹran ara gẹ́lẹ́, tín-ín-rín bí òwú. Wọn yóò kọ́kọ́ fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kú kí ó má bàa dunni. Ẹran ara náà yóò wọ inú ìgò fọ́máálínì, láàbù yóò sì ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣeé wò.

Ẹni tí ó bá mọ aṣọ òkè yóò tètè lóye ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Bí a bá fa òwú díẹ̀ yọ lára aṣọ, a lè mọ àwọ̀ òwú náà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé etí aṣọ náà díẹ̀, a ó mọ bí wọ́n ṣe hun ún. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ń fi àwọn sẹ́ẹ̀lì hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ ńlá ń fi bí wọ́n ṣe tò hàn. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lè sọ pé àrùn jẹjẹrẹ wà, ṣùgbọ́n kò lè fi gbogbo ara sọ bóyá jẹjẹrẹ náà ti ya kúrò ní ojú ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńlá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹran ara tí ó gé náà ni a sì lè fi ṣe àyẹ̀wò dáadáa bóyá jẹjẹrẹ náà ń gba agbára lọ́wọ́ họ́mọ́ònù, àti bóyá ó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní HER2 lára. Láìsí ìdáhùn yẹn, dókítà kò lè mọ̀ bóyá oògùn bíi Tamoxifen yóò wúlò fún aláìsàn náà tàbí kò ní wúlò.

Ọ̀nà kẹta náà wà: kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì gé kókó náà jáde láti mọ ohun tí ó jẹ́. Títí di òní, èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Òun ni ó gbówó lórí jù, òun ni ó sì ń dá ọgbẹ́ tí ó tóbi jù sí ara. Bí kókó náà bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń di dandan kí wọ́n tún padà ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn ìlànà ìṣègùn káàkiri àgbáyé fi ń sọ pé kí abẹ́rẹ́ ṣáájú ọ̀bẹ.

Èwo wá ni kò wọ́n? Ìṣirò kékeré kan lè là wá lójú. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye owó ilé-ìwòsàn kankan. Ká sọ pé abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ìwọ̀n owó 1, abẹ́rẹ́ ńlá gba ìwọ̀n 3, iṣẹ́ abẹ sì gba ìwọ̀n 10. Kí a wá mú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n ní kókó ọmú, tí wọ́n wá sí ilé-ìwòsàn gbogbogbò kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ kókó irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ká ní ènìyàn 10 nínú wọn ní jẹjẹrẹ, tí èsì àwọn 15 mìíràn kò sì yanjú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Àwọn 25 wọ̀nyí ni yóò padà wá gba abẹ́rẹ́ ńlá.

Bí a bá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn, a ó ná 100, a ó sì tún ná 75 fún àwọn 25 tí wọ́n padà wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 175. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn, 300 ni. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni a ṣe fún gbogbo wọn, 1,000 ni. Níhìn-ín, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni ó borí, kò sì sí ìjiyàn.

Ṣùgbọ́n kí a yí ojú sí ilé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń darí aláìsàn sí láti ibi gbogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í dé títí kókó yóò fi tóbi. Ká ní àwọn 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní jẹjẹrẹ, tí èsì àwọn 15 kò sì yanjú. Àwọn 85 ni yóò padà wá gba abẹ́rẹ́ ńlá, nítorí ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ pàápàá nílò ẹran ara tí a ó fi mọ irú ìtọ́jú tí ó tọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lákọ̀ọ́kọ́ yóò ná wa ní 100 pẹ̀lú 255, èyí tí í ṣe 355. Abẹ́rẹ́ ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò ná wa ní 300. Ohun tí ó dàbí ẹni pé kò wọ́n ti di ohun tí ó wọ́n jù. Lórí ìwọ̀n owó tí a lò yìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni ìgbà tí àwọn tí yóò padà wá bá ti ju nǹkan bí 66 lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

A kò tíì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí ìrìnàjò kan láti Ìfọ́n dé Benin, pẹ̀lú ọjà tí a kò tà lọ́jọ́ náà, bá jẹ́ ìwọ̀n owó 1, ilé-ìwòsàn kejì yìí yóò di 540 fún àwọn tí ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀, yóò sì di 400 fún àwọn tí ó fi abẹ́rẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀. Owó tí ó fẹ̀ sí i yìí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò ilé-ìwòsàn rárá, nítorí pé àpò aláìsàn ni ó ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kò sí abẹ́rẹ́ kan tí a lè pè ní olówó pọ́ọ́kú níbi gbogbo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 tí kókó rẹ̀ ń yọ̀ kiri lábẹ́ ìka, tí skáànì sì fi hàn pé kò léwu, lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ìdáhùn, kí ó sì padà sí kíláàsì rẹ̀. Ìyá ọmọ ọdún 50 tí kókó rẹ̀ le bí òkúta, tí awọ ara rẹ̀ ti ń fà wọlé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín dán an wò nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò padà wá, bí ó bá lè padà wá.

Níbi “bí ó bá lè padà wá” yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹ̀mí. Obìnrin tí wọ́n sọ fún pé èsì rẹ̀ kò yanjú, kí ó lọ wá owó mìíràn wá, lè má padà mọ́. Ó lè gbà pé bí wọn kò ti rí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan. Ó lè gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ lọ tàbí ilé àdúrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ ní ọdún 2021 pé kí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú parí láàárín ọjọ́ 60 sí ìgbà tí aláìsàn bá kọ́kọ́ fi ara han dókítà. Abẹ́rẹ́ kan tí kò yanjú, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a fi wá owó kejì, tó láti jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ 60 náà. Àrùn tí ń dàgbà kì í dúró de ẹni tí ń wá owó. Ìṣirò àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé fún ọdún 2022 sọ pé ó lé ní 127,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ tuntun bá ní Nàìjíríà lọ́dún náà, àti pé ó lé ní 32,000 nínú wọn tí ó jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú.

Iye ìgbà tí wọ́n gé ẹran ara ní ìjókòó kan náà wà lára ìṣirò. Fún kókó ọmú, àwọn oníṣègùn sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ ńlá gé ẹran ara bíi 4 tàbí 5. Gbogbo rẹ̀ ń wọ inú ìgò kan, ìgò kan náà sì ni láàbù ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Nítorí náà, ẹran ara kẹrin kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún owó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ṣe é bá fi ìkánjú dúró sí orí ẹyọ kan, tí èyí kò sì tó, gbogbo owó ni yóò di àtúnsan: owó abẹ́rẹ́, owó láàbù, owó ọkọ̀.

Ọ̀ràn pírósítéètì ti àwọn ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde pé kí a fi ẹ̀rọ skáànì tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà, kí a sì gé ẹran ara láti ibi mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ó di 10 tàbí 12. Bí wọ́n bá fi ẹran ara kọ̀ọ̀kan sí ìgò tirẹ̀, láàbù tí ń gba owó lórí ìgò yóò gba owó ìgò 12. Bí wọ́n bá kó ti apá ọ̀tún sínú ìgò kan, tí wọ́n sì kó ti apá òsì sínú ìkejì, owó yóò wálẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n a ó pàdánù ìmọ̀ ojú ibi tí jẹjẹrẹ náà wà gan-an, àwọn ẹran ara tín-ín-rín náà sì lè lọ́ mọ́ra wọn, kí wọ́n já. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 lórí ọkùnrin 500 fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ MRI wo ibi tí àrùn wà, ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a wò bẹ́ẹ̀ kò nílò abẹ́rẹ́ rárá, a sì rí púpọ̀ sí i nínú jẹjẹrẹ tí ó léwu. Ṣùgbọ́n MRI fúnra rẹ̀ wọ́n ní Nàìjíríà. Nínú èyí pẹ̀lú, ó yẹ kí baba tí ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò mọ ohun tí ó ń ra àti ohun tí ó ń fi sílẹ̀.

Owó mìíràn tún wà tí ń ṣòfò nítorí àìbìkítà. Ẹran ara tí a gé gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́máálínì láàárín wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò họ́mọ́ònù, kò yẹ kí ó lò kéré sí wákàtí 6 tàbí kí ó ju wákàtí 72 lọ nínú rẹ̀. Bí ìgò bá wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kan di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ sí láàbù, àyẹ̀wò yẹn lè parọ́. Aláìsàn ti sanwó fún abẹ́rẹ́ tí ó dára jù, ṣùgbọ́n ìgò ti sọ ọ́ di asán. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ó wọ́n tó èyí tí a fi gba ohun tí kò ṣeé kà.

Ohun tí ó tọ́ láti ṣe kò ṣòro láti lóye. Kí àwọn ilé-ìwòsàn yé dá iye lé abẹ́rẹ́; kí wọ́n dá iye lé ìdáhùn. Kí iye owó kan ṣoṣo wà fún àyẹ̀wò kókó ọmú, tí yóò kó abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ láàbù, àti àtúnṣe rẹ̀ bí èsì kò bá yanjú, pọ̀ sójú kan. Aláìsàn yóò san án lẹ́ẹ̀kan, yóò sì mọ̀ pé èsì ni òun ń sanwó fún.

Àwọn alábòójútó ilé-ìwòsàn yóò béèrè pé níbo ni owó àtúnṣe yóò ti wá, nígbà tí fọ́máálínì àti aró pàápàá ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé owó náà ti ń jáde tẹ́lẹ̀, àwọn tí orí kò bá ṣe lóore nìkan ni ó ń san án. Bí ènìyàn 15 nínú ọgọ́rùn-ún bá nílò àtúnṣe, kí gbogbo ọgọ́rùn-ún pín in rù, díẹ̀díẹ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é nínú èésú àti àjọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èrè rẹ̀ kejì tún wà níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ ilé-ìwòsàn ni yóò ru owó àtúnṣe, ilé-ìwòsàn yóò tètè yan abẹ́rẹ́ tí ó tọ́, yóò gé ẹran ara tí ó tó, yóò sì rí i pé ìgò dé láàbù. Ẹni tí àṣìṣe bá ń ná lówó ni í ṣọ́ra fún àṣìṣe.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin ètò adójútòfò ìlera tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà. Síbẹ̀, èyí tí ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a ń ná sórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń ti àpò àwọn aráàlú jáde tààrà. Bí ìjọba bá ń ra ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ olówó gọbọi, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè tọ́jú ẹni tí kò rí owó san fún abẹ́rẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ó ní àrùn. Kí ètò adójútòfò kọ́kọ́ gba ẹrù àyẹ̀wò yìí, láti abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ títí dé èsì tí ó yanjú, kí ó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ.

Ní ti àwọn aláìsàn, kí wọ́n má ṣe bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ní ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ bá kan kókó, jẹjẹrẹ yóò tàn ká. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni kí abẹ́rẹ́ gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Àìmọ̀ ni ó ń pa ènìyàn jù ú lọ. Kí ẹni tí ó bá dé ibi ìsanwó má ṣe béèrè iye nìkan. Kí ó béèrè ohun mẹ́ta: Ṣé abẹ́rẹ́ yìí lè dáhùn gbogbo ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀? Bí kò bá yanjú ńkọ́, èló ni n óò tún san? Ọjọ́ wo ni ẹran ara yìí yóò dé láàbù?

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Obìnrin tí ó ti Ìfọ́n wá sí Benin ti ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: ó rí kókó náà, ó sì wá. Ohun tí ó tọ́ sí i ni kí ó padà sílé pẹ̀lú ìdáhùn, yálà ó dùn tàbí ó korò. Bí wọ́n bá ta abẹ́rẹ́ fún un ní owó pọ́ọ́kú, tí kò sì rí ìdáhùn gbà, ó ti ra ohun tí ó wọ́n jù lọ ní ọjà.